Bí Mo Ṣe Bá Àǹtí Mi Yan Yàrá Oníbákónì Nínú Ọkọ̀ Tó Ń Lọ sí Alaska

"Apá ọ̀tún ni ká gbà àbí apá òsì?" Ohun tí Àǹtí mi fi ránṣẹ́ láti Houston nìyẹn. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti pinnu pé Alaska làwọn máa lọ lóṣù Kẹfà, nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tó ń gbéra ní Seattle, yàrá tó ní bákónì sì ni wọ́n fẹ́. Oṣù Kẹfà ni wọ́n mú nítorí pé oṣù Kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun, Àǹtí kì í sì í fẹ́ kí ọdún Ọ̀ṣun bá òun lẹ́yìn odi. Èmi ni mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Òkè-Fìà l'Óṣogbo níbí, èmi ni mo ń bá àwọn ọmọ forúkọ JAMB sílẹ̀, tí mo sì ń bá ará ilé ra tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹbí wa gbà pé iṣẹ́ mi ni. Ọkọ̀ àjẹ̀ nìkan lèmi fúnra mi ti wọ̀ rí lórí omi, ṣùgbọ́n àwòrán àjà ọkọ̀ ńlá náà, ìyẹn àwòrán pẹ̀tẹ́ẹ̀sì inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wà níta gbangba fún ẹni tó bá ní sùúrù láti kà á.

Mo kọ́kọ́ lọ wo ọ̀nà tí ọkọ̀ máa gbà. Àwọn ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ pé àlọ nìkan ni tiwọn: wọ́n á gbéra ní Vancouver ní Kánádà, wọ́n á já èrò sí Seward tàbí Whittier lókè lọ́hùn-ún ní Alaska. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń lọ sí àríwá, ọwọ́ ọ̀tún ni ilẹ̀ máa ń wà jù. Bó bá ń bọ̀ wá sí gúúsù, ọwọ́ òsì ni. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àlọ àtàbọ̀ ni tàwọn Àǹtí: Seattle, Juneau, Skagway, odidi ọjọ́ kan ní Glacier Bay, Ketchikan, kí wọ́n tó yà sí Victoria ní Kánádà, kí wọ́n sì padà sí Seattle. Ẹni tí òkè bá fara pa mọ́ fún nígbà àlọ, ó ṣeé ṣe kó kò ó lójú nígbà àbọ̀. Ilẹ̀ kì í sì í tètè ṣú níbẹ̀ lóṣù Kẹfà. Ní Juneau, oòrùn ṣì máa ń wà lójú ọ̀run títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́.

Glacier Bay gan-an ló jẹ́ kí n pa ìbéèrè náà tì. Àwọn yìnyín ńláńlá tí wọ́n ń ti orí òkè yọ́ rìn wá sínú òkun ni wọ́n ń lọ wò níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní Margerie gùn tó máìlì 21, ó fẹ̀ tó nǹkan bíi máìlì kan, ojú rẹ̀ tó kọ sí omi sì ga tó nǹkan bí 250 ẹsẹ̀ bàtà. Bí ọkọ̀ bá dé iwájú rẹ̀, yóò dúró, yóò wá máa yí padà díẹ̀díẹ̀ níbi kan náà, kí ẹni ọ̀tún àti ẹni òsì lè rí i. Ọkọ̀ èrò ńlá méjì péré ni wọ́n ń gbà láàyè kó wọlé lójúmọ́. Ó yé mi: Igbó Ọ̀ṣun tiwa wọ ìwé ogún àgbáyé ti UNESCO ní 2005, wọ́n sì ti fi Glacier Bay kún ìwé kan náà ní 1992. Irú ibi bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ibi tí gbogbo ayé á kàn máa rọ́ wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà bá ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà sọ̀rọ̀ díẹ̀. Yíyà tí wọ́n ń yà sí Victoria yẹn kì í ṣe fáàrí. Òfin Amẹ́ríkà kan wà láti 1886 tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kó èrò láti èbúté Amẹ́ríkà kan, kó já wọn sí èbúté Amẹ́ríkà láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀ mìíràn. Ìdí nìyẹn tí físà Kánádà fi wọ ọ̀rọ̀ ẹni tó gbéra ní Seattle, yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà. Àwọn Àǹtí ti di ọmọ Amẹ́ríkà, ìyẹn ò kàn wọ́n.

Ohun tó kàn wọ́n ni ìgbì. Ọkọ̀ tó bá gbéra ní ìlú Vancouver máa ń gba àárín erékùṣù àti ilẹ̀, omi ibẹ̀ sì rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Seattle kì í gba ibẹ̀, ẹ̀yìn erékùṣù Vancouver ni wọ́n ń gbà, lójú agbami Pàsífíìkì. Àǹtí mi rèé, láti kékeré, bí a bá wọkọ̀ láti Òṣogbo lọ sí Ìbàdàn, kí a tó dé Gbọ̀ngán ló ti máa ń béèrè láílọ́ọ̀nù. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká wá àárín gbùngbùn ọkọ̀, ká má sì gòkè jù. Bí ìgbì bá gbé ọkọ̀, bíi jangírọ́fà ni: ẹni tó jókòó sí ìkangun ló ń lọ sókè sódò, ẹni tó wà láàárín ò fi bẹ́ẹ̀ mì. Bí a bá sì ṣe ń gòkè sí i ni fífì ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì ń pọ̀ sí i.

Bùọ̀dá, ìyẹn ọkọ Àǹtí, ò gbà. Ìdí ọkọ̀ ni wọ́n fẹ́, lẹ́yìn pátápátá. Wọ́n ti rí fọ́tò ibẹ̀: ipa funfun tí ọkọ̀ ń fà sílẹ̀ lórí omi, òkè lọ́tùn-ún lósì, kò sí ohun tó dí wọn lójú. "Ìwọ tó o wà l'Óṣogbo lo fẹ́ máa júwe ọkọ̀ fún mi?" Mo ní, "Ẹ má bínú sà, Àǹtí ni mo ń rò." Òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ nípa ẹ̀yìn. Ọkọ̀ máa ń ṣíji bo ibẹ̀ kúrò lọ́wọ́ atẹ́gùn iwájú, bákónì ibẹ̀ sì máa ń fẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì ti ń dé ara èèyàn jù, ó sì tún jìnnà sí gbogbo nǹkan. Iwájú ńkọ́? Mi ò tilẹ̀ dábàá rẹ̀. Òun ló ń kọ́kọ́ kan ìgbì, atẹ́gùn tó ń ti orí yìnyín bọ̀ á sì máa fẹ́ lu ẹni tó bá dúró síbẹ̀. Àǹtí gba fóònù lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ṣe bó o ṣe rò ó," ó sì parí.

Iṣẹ́ wá kù sórí àwòrán àjà. Mo tẹ àjà keje dé ìkejìlá sórí bébà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, mo sì ń gbé wọn léra wọn, mo ń nà wọ́n síwájú iná kí n lè rí ohun tó wà lókè yàrá àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ló wúlò jù. Yàrá tó dára lójú lórí àjà kọkànlá, abẹ́ ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ló wà; kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti máa ń wọ́ àga kiri níbẹ̀. Àwọn kan wà lórí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń lu orin di òru. Àwọn ibì kan sì wà tó funfun báláú lórí àwòrán, tí wọn ò kọ nǹkan kan sí. Ibi iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ló sábà máa ń jẹ́, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ àti ilẹ̀kùn tó ń lù gbàgà. Mo sá fún gbogbo yàrá tó bá fara kan irú ibẹ̀. Mo tún sá fún yàrá tó ní àmì ilẹ̀kùn àárín, èyí tí wọ́n fi ń so yàrá méjì pọ̀ fún ẹbí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹni ẹ̀gbẹ́ kejì máa ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Lífítì, mo fẹ́ kó sún mọ́ wọn, àmọ́ kó má kọjú sí ilẹ̀kùn wọn.

Nísàlẹ̀, ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà ni wàhálà. Bákónì tó bá wà lókè wọn gan-an, òrùlé wọn lèèyàn máa rí tó bá wolẹ̀, ìsàlẹ̀ omi sì ni àbùùbùtán ti ń yọ. Mo fi àjà kan là wọ́n láàárín. Mo tún wo ara bákónì fúnra rẹ̀: irin ni wọ́n fi dí iwájú àwọn kan, ẹni tó bá jókòó ò ní rí nǹkan kan àfi irin, gíláàsì ni mo fẹ́. Àwọn mìíràn yọ síta ju èyí tó wà lókè wọn, tó fi jẹ́ pé ìdajì wọn ò ní ìbòrí. Fún Bahamas, ìyẹn dáa. Fún Ketchikan tí òjò rẹ̀ ò mọ̀gbà, rárá o.

Yàrá kan wà tí owó rẹ̀ dín kù, àmọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ni yóò yan ibi tí wọ́n máa fi èèyàn sí. Ẹni tí ọkọ̀ kì í rìn lára lè gbà á. Mo ní kí Àǹtí má wo ibẹ̀.

Àjà kẹsàn-án ni mo já sí, láàárín, ó kọ sẹ́yìn díẹ̀ nítorí Bùọ̀dá. Yàrá èrò ló wà lókè rẹ̀, yàrá èrò ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Apá òsì ló bọ́ sí, torí pé àwọn tó kù lọ́tùn-ún níbẹ̀ ní ilẹ̀kùn àárín.

Lẹ́yìn tí wọ́n sanwó, ímeèlì dé láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ pé wọ́n lè fi owó díẹ̀ kún un, bóyá wọ́n á gbé wọn lọ sí yàrá tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú Bùọ̀dá dùn. Mo ní kí wọ́n kà á dáadáa: wọn kì í jẹ́ kí èèyàn yan ibi tí yàrá tuntun náà máa wà, ó lè bọ́ sí iwájú pátápátá. Mo ní kí wọ́n kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà pé àwọn ò fẹ́ kí wọ́n pa yàrá àwọn dà. Wọ́n fi owó náà ra ẹ̀wù òjò.

Mo tún kìlọ̀ pé lọ́jọ́ Glacier Bay, kí wọ́n má jókòó sínú yàrá nítorí pé wọ́n sanwó bákónì. Apá kan ṣoṣo ni bákónì ń fi hàn wọ́n. Kí wọ́n gòkè lọ síta gbangba bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ Margerie, kí wọ́n máa tẹ̀ lé e bó ṣe ń yí, kí wọ́n wá sọ̀ kalẹ̀ wá mu tíì ní bákónì nígbà tí ọkọ̀ bá ń jáde.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Àǹtí lo oògùn, ó sì jẹun alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tán lójú agbami, èyí tó ya èmi alára lẹ́nu. Bùọ̀dá ní tiwọn, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń rìn lọ sẹ́yìn ọkọ̀, níbi tí gbogbo èrò lè dúró sí lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ń ya ipa funfun náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Wọ́n ṣì ń jà á pé ẹ̀yìn ló yẹ ká gbà. Mo ní bí wọ́n bá ń dá nìkan lọ, màá bá wọn gbà á.