Kẹ́ ẹ tó pe ríwáyà torí iná bíréèkì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa tòkunbọ̀, tí iná bíréèkì ò bá tàn, ẹ má tíì jẹ́ kí ríwáyà kankan bẹ̀rẹ̀ sí í gé wáyà o. Ẹ ní kẹ́nì kan bá yín tẹ bíréèkì, kí ẹ̀yin lọ dúró lẹ́yìn ọkọ̀. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ló kú, gílóòbù ni, àbí kí ilé ẹ̀ ti dípẹtà, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn gílóòbù yẹn, okùn méjì ló wà nínú ẹ̀, ìkan fún iná alẹ́, ìkan fún bíréèkì, ìkan lè jó kí èkejì ṣì máa tàn. Tí gbogbo ẹ̀ bá kú pọ̀, títí kan ti òkè tó wà níbi gíláàsì ẹ̀yìn, ẹ wo fíúùsì tí wọ́n kọ STOP sí, tíyẹn bá dáa, súwíìṣì tó wà lókè pẹ́dà ni kẹ́ ẹ fura sí, pàápàá tí jíà ò bá tún fẹ́ kúrò ní P.

Èyí tó ń dun èèyàn jù ni iná tí kì í kú. Lára pẹ́dà ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda àtijọ́, rọ́bà kékeré kan wà tó ń tẹ súwíìṣì yẹn, tó bá ti gbó á fọ́ wẹ́wẹ́ síbi ẹsẹ̀ yín, iná á wá máa tàn títí bátìrì á fi kú mọ́jú, làwọn kan á bá sáré lọ ra bátìrì tuntun! Rọ́bà yẹn ò sì wọ́n.

Tí fíúùsì bá ń jó léraléra, ẹ má fi wáyà dí i, ẹ wo ibi tí wáyà ti ń tẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń ṣí búùtù, ibẹ̀ ló sábà máa ń bó.