Bí Mo Ṣe Wá Aṣọ Ìgunkẹ̀kẹ́ Tó Dára Rí ní Adó-Èkìtì Láìná Owó Gọbọi

Láti Adó-Èkìtì sí Ìkẹ́rẹ́ kò tó kìlómítà 20, mọ́tò ni mo sì fi ń rìn ín fún ọdún pípẹ́ kí n tó ra kẹ̀kẹ́. Nígbà tí owó mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gorí ara rẹ̀, mo ra kẹ̀kẹ́ àlòkù kan tí ó ní jíà, mo sì pinnu pé ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ ni n óò máa gùn ún lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni. Kẹ̀kẹ́ náà kò dà mí láàmú. Aṣọ ni ó dà mí láàmú. Ní ọjọ́ kìíní, ṣòkòtò kàkí tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́ ni mo wọ̀. Kí n tó rí Òkè Olósùnta lọ́ọ̀ọ́kán, ojú rírán tí ó nípọn láàárín itan ti gbo mí lára, òógùn sì ti wọ ibẹ̀, ó ń ta mí bí ìgbà tí ènìyàn fi ata sí ojú egbò. Odidi ọjọ́ méjì ni n kò fi lè jókòó dáadáa níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi.

Ẹni tí kò bá gun kẹ̀kẹ́ rìn jìnnà rí lè rò pé fáàrí lásán ni aṣọ tí a rán fún un. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá jókòó sórí kẹ̀kẹ́, eegun méjì tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ìdí ni ó ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwúwo ara wa, ẹsẹ̀ sì ń lọ sókè sódò ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà kí a tó dé ibi tí à ń lọ, tí ó fi jẹ́ pé ojú rírán kan ṣoṣo tí ó bá yọ sókè lábẹ́ itan yóò máa rẹ́ ara bí ayùn títí awọ yóò fi bó. Ìdí nìyí tí ṣòkòtò ìgunkẹ̀kẹ́ fi ń fún mọ́ ara, tí ó ń fà bí rọ́bà, tí wọ́n sì rán tìmùtìmù pẹlẹbẹ kan mọ́ inú rẹ̀ níbi ìjókòó. Láyé àtijọ́, awọ ẹran ni wọ́n fi ń ṣe tìmùtìmù náà, òwú irun àgùntàn ni wọ́n sì fi ń hun aṣọ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 1958, tí Joseph Shivers ṣe òwú kan tí ń fà bí rọ́bà ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà, èyí tí a wá mọ̀ sí lycra, ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra àlòkù mọ òwú yìí dáadáa, nítorí pé òun ni ó máa ń tètè kú jù nínú aṣọ náà.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti kọ́kọ́ ṣi owó ná. Mo rí ṣòkòtò kan tí àwòrán rẹ̀ wù mí lọ́wọ́ òǹtajà kan, mo san ₦24,000, owó ìfiránṣẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 11 ni ó tó dé. Mo fi àtàǹpàkò tẹ tìmùtìmù rẹ̀ láti òkè, mo fi ìka ìlábẹ̀ gbè é láti ìsàlẹ̀, àwọn ìka méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn bí ìgbà tí ènìyàn tẹ búrẹ́dì Agége. Mo nà án sójú fèrèsé, mo ń rí ìka ọwọ́ mi ní òdì kejì aṣọ. Síbẹ̀ mo wọ̀ ọ́ lọ sí Ìkẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé mo ti náwó. Rọ́bà ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ mú mi nítan títí ó fi ṣe àpá yíká, fóòmù ìdí rẹ̀ sì ti di pẹlẹbẹ kí n tó padà délé. Nígbà tí mo kọ̀wé sí òǹtajà náà, ó ní aṣọ tí a bá ti wọ̀ kò ṣeé dá padà mọ́. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé inú owó oúnjẹ ilé ni mo ti yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé irú aṣọ yìí kì í ṣe ohun tí à ń fi ojú rà. Ọwọ́ ni a fi ń rà á.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Ọjà Ọba ní Adó, ní apá ibi tí àwọn olókìríkà ń pàtẹ sí. Mo ti béèrè tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ wo ni wọn yóò já bẹ́ẹ̀lì tuntun, nítorí pé bí àwọn tí ń rà láti tún tà bá ti ṣà á tán, àjẹkù ni ẹni tó bá pẹ́ dé yóò bá. Obìnrin tí mo lọ bá mọ̀ mí. Mo ti kọ́ àbígbẹ̀yìn rẹ̀ níwèé rí.

“Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Ẹ kú ọjà,” ni mo wí. “Ṣòkòtò péńpé tí ń fà, tí ó ní tìmùtìmù nídìí, ni mo ń wá.”

“Ẹ káàárọ̀, Tíṣà. Èyí tó dà bí ìlédìí ọmọ yẹn? Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ mi máa ń ní kí n bá àwọn fi bíléèdì yọ ìdí rẹ̀ dànù ni. Ẹ wo inú àpò ọ̀hún yẹn, mi ò tíì fọwọ́ kan tòní.”

Àyà mi já nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ bíléèdì yẹn. Ohun tí mo fi ₦24,000 wá tí n kò rí, wọ́n ń yọ ọ́ sọ nù nínú ọjà tí kò jìnnà sílé mi! Mo fa àpótí kan, mo jókòó, mo sì yẹ gbogbo ohun tí ó wà nínú àpò náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tó ọgbọ̀n, wákàtí kan gbáko ni mo sì lò nídìí rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ń ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni pé mo ń fi ọwọ́ méjèèjì fà á gbọọrọ, mo sì ń jù ú sílẹ̀ lójijì. Aṣọ tí lycra rẹ̀ ṣì wà láàyè yóò padà sí ipò rẹ̀ ní kíá. Èyí tí ó ti kú yóò máa rọra sún padà, yóò sì wú síbẹ̀ bí orúnkún ṣòkòtò àwọ̀gbó. Bí ó bá ti gbó jù bẹ́ẹ̀ lọ, òwú tẹ́ẹ́rẹ́ funfun bí ewú yóò máa yọrí jáde lára aṣọ nígbà tí a bá fà á, bí a bá sì gbé e súnmọ́ etí, a óò gbọ́ bí rọ́bà inú rẹ̀ ṣe ń já wẹ́wẹ́. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọgbọ̀n náà ni ó kùnà níbí.

Àwọn tí ó yege ni mo yí inú wọn síta. Tìmùtìmù tí ó dára kì í rọ̀ bẹ̀lẹ́jẹ́. Ó máa ń le díẹ̀ bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà eléré ìdárayá, bí a bá sì tẹ̀ ẹ́ yóò dìde padà. Ó máa ń nípọn jù ní ojú méjì tí eegun ìdí yóò bà lé, etí rẹ̀ yóò sì máa tín-ín-rín lọ títí yóò fi bá aṣọ dọ́gba, kí itan má baà máa kọ lù ú. Lẹ́yìn èyí ni mo wá fi ẹ̀yìn ìka tọ ojú rírán láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí pé awọ ẹ̀yìn ìka kò yi tó ti àtẹ́lẹwọ́, ohun tí ó bá sì há a yóò há itan pẹ̀lú. Ojú rírán tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí etí aṣọ kan gùn lé èkejì tí òwú sì bò wọ́n mọ́lẹ̀, ni mo ń wá, kì í ṣe èyí tí etí rẹ̀ yọ sókè bí ti àpò ìrẹsì. Àkọlé kékeré inú aṣọ ni mo kà kẹ́yìn. Èyí tí mo mú sọ pé nylon jẹ́ 80 nínú ọgọ́rùn-ún, elastane sì jẹ́ 20. Lycra náà ni elastane. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ti pa rẹ́, n kò sì wá a.

Màmá pè é ní ₦5,000. A ná an títí a fi gbà fún ara wa ní ₦3,500. Èkejì tí mo rí ní okùn èjìká méjì bí aṣọ oníjàkadì, kò sì sí ẹni tí ó mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe nínú gbogbo ìsọ̀ náà, nítorí náà ₦3,000 péré ni ó gbà lórí rẹ̀. Lójú tèmi, òun gan-an ni ó dára jù. Kò ní rọ́bà ìbàdí tí yóò máa wọ ikùn nígbà tí a bá tẹ̀ síwájú, okùn èjìká rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí tìmùtìmù yẹ̀ kúrò nípò. Ìnira kan ṣoṣo tí ó ní ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní láti kọ́kọ́ bọ́ ẹ̀wù rẹ̀.

Nítorí pé àlòkù tí ó ti bá ìdí ẹlòmíràn lò ni, n kò wọ èyíkéyìí nínú wọn kí n tó fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mo rẹ wọ́n sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí mo da Dettol díẹ̀ sí. Omi gbígbóná àti oògùn tí ń mú aṣọ funfun máa ń ba lycra jẹ́, n kò sì lò wọ́n. Mo yí inú wọn síta, mo sá wọn síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ó sì di ọjọ́ kejì kí n tó gbà pé àárín tìmùtìmù ti gbẹ dénú.

Ní ti ẹ̀wù, n kò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni náwó púpọ̀ lé e. Ohun tí a nílò ni aṣọ tí kì í mu òógùn pamọ́. Ẹ̀wù òwú ìbílẹ̀ tàbí síńgílẹ́ẹ̀tì yóò mu ún títí yóò fi wúwo, nígbà tí a bá sì gun òkè tán tí a ń já bọ̀ nísàlẹ̀ lójú ọyẹ́, òtútù yóò mú ènìyàn láyà. Jẹ́sì bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi polyester ṣe ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. Mo ra ọ̀kan ní ₦2,000, aláwọ̀ ọsàn tí ó mọ́lẹ̀ kedere, nítorí pé àwọn ọlọ́kadà àti onítakisí ojú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ rí mi láti òkèèrè.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kan ní Ajílósùn pé kí ó bá mi rán àpò mẹ́ta mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé àpò àyà máa ń da ohun inú rẹ̀ nù nígbà tí a bá tẹ̀. Mo mú ṣòkòtò àkọ́kọ́ dání pẹ̀lú, nítorí ojú rírán tí ó ti tú díẹ̀ nítan. Bí ó ṣe gbé e sábẹ́ máṣíìnì ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má rán an ní gbọọrọ, nítorí pé òwú tí a rán tààrà kì í fà, yóò sì já ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bá na ẹsẹ̀. Ó yí máṣíìnì sí rírán wọ́gọwọ̀gọ, ó fa aṣọ náà wò lẹ́yìn tí ó ṣe tán, kò sì já. ₦1,500 ni mo san. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ ₦10,000.

A kì í wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ sábẹ́ ṣòkòtò yìí, nítorí pé ojú rírán àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbo ara. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò mi, àgbàlagbà ọkùnrin kò lè wọ aṣọ tí ó fún mọ́ ara bẹ́ẹ̀ kọjá níwájú àwọn ìyá tó ń gbálẹ̀ òwúrọ̀, mo sì fi ọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣòkòtò péńpé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni mo máa ń wọ̀ lé e lórí, kò sì dí ẹsẹ̀ mi lọ́wọ́ rárá. Bí mo bá ti délé, mo máa ń bọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, mo sì máa ń fi omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà, nítorí pé tìmùtìmù tí òógùn bá sùn mọ́jú nínú rẹ̀ ni ó ń fa eéwo.

Oṣù mẹ́jọ ti kọjá báyìí, tìmùtìmù méjèèjì ṣì ń dìde padà bí mo bá tẹ̀ wọ́n. Màmá kò yọ ìdí ṣòkòtò kankan mọ́ kí ó tó pè mí lórí fóònù. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó fi méjì pamọ́ dè mí. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti obìnrin, tí tìmùtìmù rẹ̀ fẹ̀ jù ti ọkùnrin lọ lẹ́yìn, tí ó sì kúrú níwájú. Mo rà á fún olùkọ́ ìṣirò wa, tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kẹ̀kẹ́, mo sì fi ẹ̀yìn ìka tọ gbogbo ojú rírán rẹ̀ kí n tó sanwó.