Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í di ọta ìbọn fúnra mi

Texas ni mò ń gbé o, ẹ tètè mọ ìyẹn kẹ́ ẹ tó ka ìyókù, torí níbí òfin ìjọba àpapọ̀ ò ní kéèyàn gba láísẹ́ńsì tó bá ń di ọta tóun fúnra ẹ̀ máa yìn. Nílé Nàìjíríà, ẹ má dán an wò rárá.

Dídi ọta ni pé kéèyàn tún ki ẹ̀tù àti orí ọta tuntun sínú kòròfo tí wọ́n ti yìn. Ọta .38 Special, ọta ribọ́fà, ìbọn kékeré tí àgbá ẹ̀ máa ń yí, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nǹkan tí mo kọ́kọ́ rà kì í ṣe ẹ̀rọ, ìwé ni, èyí tí Lyman ń tẹ̀, inú ẹ̀ ni wọ́n kọ ìwọ̀n ẹ̀tù sí, ibi tó yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ò gbọ́dọ̀ kọjá, àwọn tó ń pariwo ìwọ̀n kiri lórí YouTube, mi ò dá wọn lóhùn. Press, ẹ̀rọ tá a fi ń di ọta, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, ni mo rà tẹ̀ lé e, kò yá, àmọ́ ojú ẹ á tó gbogbo nǹkan tó ò ń ṣe.

Kòròfo ọta tí mo ṣà ní range, ibi tí wọ́n ti ń fi ìbọn dánra wò, ni mo dà sínú tumbler, ẹ̀rọ tó ń fọ̀ wọ́n mọ́, pẹ̀lú ṣùkù àgbàdo lílọ̀, ó ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀ ti jẹ́ kí ìyàwó mi lé e lọ sí gáréèjì. Ẹ máa yọjú wo inú kòròfo kọ̀ọ̀kan: tíhò kan bá wà láàárín, ó dáa, tó bá jẹ́ méjì kéékèèké, ẹ jù ú nù, á kán abẹ́rẹ́ die yín, irin orí press tó ń tún kòròfo ṣe. Primer náà, ìyẹn nǹkan kékeré ìdí kòròfo tó ń dáná sí ẹ̀tù, tẹ́ ẹ bá ti kì í bọ̀ ọ́ tán, ẹ fi ìka ra ìdí ẹ̀, tó bá yọ síta, àgbá ribọ́fà ò ní yí.

Ẹ̀tù ni wàhálà gan-an. Láti 1898 ni wọ́n ti ṣe .38 Special, ayé ẹ̀tù dúdú tí àwọn ọdẹ wa ṣì ń ki sí ṣakabùlà, ìdí nìyẹn tí kòròfo ẹ̀ fi tóbi, ẹ̀tù òde òní kàn máa ń wà nísàlẹ̀ ni, tó o bá dà á lẹ́ẹ̀mejì, kò ní kún dànù kó o tó mọ̀, ìbọn á sì fọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Tó o bá gbàgbé, tí ẹ̀tù ò sí níbẹ̀ rárá, orí ọta á há sínú ẹnu ìbọn, èyí tó o bá yìn tẹ̀ lé e ló máa ṣe ẹ́ ní jàǹbá. Torí náà mo to gbogbo wọn sínú pákó oníhò, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo wo ìkọ̀ọ̀kan kí n tó fi orí ọta dé e. Kò sí fóònù, kò sí bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n, oríṣi ẹ̀tù kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì. Mo tún fọwọ́ dáadáa kí n tó jẹun, torí òjé wà lára orí ọta, ó sì lóró.

Ọ̀rẹ́ mi kan ti ní kí n tà fóun. Èyí tèèyàn bá ń ṣe tà nílò láísẹ́ńsì jàre, mo ní kó kó kòròfo tiẹ̀ wá, kó wá jókòó dì í fúnra ẹ̀.