Bí Mo Ṣe Dáàbò Bo Àwọn Kọ́kọ́rọ́ Àṣẹ Sọ́fítíwià Tí Mo Ń Gbé Kiri Nínú Fíláàṣì

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé sọ́fítíwià sórí kọ̀ǹpútà àwọn oníbàárà wa, kí n sì tún un gbé nígbà tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ tàbí tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi kó kọ́kọ́rọ́ àṣẹ (lẹ́tà àti nọ́ńbà tí a ń tẹ̀ kí sọ́fítíwià tí a rà lè ṣiṣẹ́) gbogbo sọ́fítíwià tí a rà sínú fíláàṣì kan ṣoṣo, nínú fáìlì lásán tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣí i lè kà. Kọ́kọ́rọ́ 41 ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú fáìlì àṣẹ mẹ́rin tí àwọn olùtajà fi ránṣẹ́ sí wa. Ní ọjọ́ kan, mo gbàgbé fíláàṣì náà sára kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, ó sì di ọjọ́ kejì kí n tó rí i gbà. Ohunkóhun kò sọnù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí bí mo ṣe lè mọ̀ bóyá ẹnìkan ti ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, nítorí pé ṣíṣe ẹ̀dà kì í fi àmì tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé sílẹ̀ lára fíláàṣì.

Ohun tí ó kó ìdààmú bá mi ni pé púpọ̀ nínú àwọn kọ́kọ́rọ́ wọ̀nyí ní iye ẹ̀rọ tí wọ́n lè ṣiṣẹ́ fún. Bí àjèjì bá lo ọ̀kan nínú wọn, a óò kà á mọ́ wa lọ́rùn, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀rọ oníbàárà bá bàjẹ́ ni a óò tó gbọ́ pé iye náà ti pé. Mo kọ̀wé sí àwọn olùtajà, mo fi ẹ̀rí pé a sanwó hàn wọ́n, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fagi lé àwọn kọ́kọ́rọ́ àtijọ́, kí wọ́n sì fún wa ní tuntun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà. Ọ̀kan sọ pé ìlànà wọn kò fàyè gba irú pààrọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èrò mi àkọ́kọ́ ni pé kí n pa fáìlì náà rẹ́, kí n sì fi èyí tí mo ti sọ di àdììtú, tí a kò lè kà láìsí páásíwọ́ọ̀dù, rọ́pò rẹ̀ lórí fíláàṣì kan náà. Inú mi dùn pé mo kọ́kọ́ dán an wò. Lórí fíláàṣì tí a ṣètò pẹ̀lú FAT32 (ìlànà kan tí kọ̀ǹpútà fi ń to fáìlì), bí a bá pa fáìlì rẹ́, àmì kan ni kọ̀ǹpútà kàn fi rọ́pò lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀, tí ó sì kéde pé àyè náà ti ṣófo. Ohun tí a kọ síbẹ̀ ṣì wà títí nǹkan mìíràn yóò fi gba orí rẹ̀ kọjá. Mo pa fáìlì náà rẹ́, mo sì lo PhotoRec, ètò ọ̀fẹ́ tí kì í wo orúkọ fáìlì bí kò ṣe ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo kọ́kọ́rọ́ mi fi jáde padà pẹ̀lú orúkọ tuntun.

Kíkọ nǹkan mìíràn lé e lórí pàápàá kò tó. Ẹ̀rọ kékeré tí ó ń darí fíláàṣì máa ń pín iṣẹ́ ìkọ̀wé yí gbogbo ara mẹ́mọ́rì ká, kí ibì kan má baà gbó ju ibòmíràn lọ. Nítorí náà, bí a bá ní kí ó kọ nǹkan tuntun sórí ti àtijọ́, ó lè jẹ́ ibòmíràn ni yóò kọ ọ́ sí, tí ti àtijọ́ yóò sì wà níbi tí ó wà. Mo gbà pé ohun tí a bá ti kọ sórí fíláàṣì ní gbangba rí, kí a kà á sí ohun tí ó ṣì wà níbẹ̀. Mo fi òòlù fọ́ mẹ́mọ́rì fíláàṣì àtijọ́ náà túútúú, mo sì mú tuntun tí fáìlì lásán kò dé orí rẹ̀ rí.

Mo wo ọ̀nà mẹ́ta tí mo lè gbà sọ àwọn kọ́kọ́rọ́ náà di àdììtú. BitLocker To Go, tí ó wà nínú Windows fúnra rẹ̀, rọrùn, ṣùgbọ́n Windows Home (ẹ̀yà Windows fún ìlò ilé) kò lè fi í ti fíláàṣì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ṣí èyí tí a ti tì. VeraCrypt, ètò ọ̀fẹ́ tí ń sọ fáìlì di àdììtú, dára púpọ̀, ṣùgbọ́n lórí ẹ̀rọ tí a kò tíì gbé e sí, ó nílò àṣẹ alábòójútó kí ó tó ṣiṣẹ́, àwọn oníbàárà mi kì í sì í sábà fún mi ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. KeePass, ètò ọ̀fẹ́ tí ń kó páásíwọ́ọ̀dù pamọ́ sínú àkójọ tí ó wà ní àdììtú, ni mo yàn. Ó lè ṣiṣẹ́ láti orí fíláàṣì láìjẹ́ pé a gbé e sórí ẹ̀rọ, fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo àkójọ náà, KeePassXC, ètò mìíràn tí ó jọ ọ́, sì lè ṣí fáìlì kan náà lórí Linux àti macOS.

Orí kọ̀ǹpútà tèmi, tí dísíìkì rẹ̀ ti wà ní àdììtú, ni mo ti kọ gbogbo rẹ̀. Mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan sí àyè páásíwọ́ọ̀dù dípò àyè àlàyé, kí ó lè máa hàn bí àmì tótó lásán bí ẹnìkan bá dúró lẹ́yìn mi. Mo kọ ọjọ́ tí àṣẹ kọ̀ọ̀kan yóò parí sí àyè rẹ̀, mo sì so àwọn fáìlì àṣẹ mẹ́rin náà mọ́ àkọsílẹ̀ wọn. Nínú ètò ààbò, mo yan Argon2 (ìlànà tí ń mú kí yíyẹ páásíwọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan wò falẹ̀), mo sì ṣètò rẹ̀ kí ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fún èmi, ìdúró díẹ̀ ni; fún ẹni tí ó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà méfò, ìdènà ńlá ni.

Páásíwọ́ọ̀dù ni ó gba ìrònú mi jù. Mo ti fẹ́ lo gbólóhùn Yorùbá tí ó ní àmì ohùn, ṣùgbọ́n mo rántí pé lẹ́tà “ọ́” kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode, àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀. Kííbọ́ọ̀dù kan lè fi lẹ́tà “ọ” ránṣẹ́ kí àmì ohùn tó tẹ̀lé e, òmíràn lè fi lẹ́tà “ó” ránṣẹ́ kí àmì ìsàlẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ojú wa yóò rí ohun kan náà, ṣùgbọ́n KeePass lè rí ohun méjì, ilẹ̀kùn kò sì ní ṣí. Mo wá lo Diceware, ìlànà tí Arnold Reinhold gbé jáde ní 1995, níbi tí jíju dáìsì lẹ́ẹ̀marùn-ún ti ń yan ọ̀rọ̀ kan nínú 7776. Mo yan ọ̀rọ̀ mẹ́fà. Iye ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ mẹ́fà lè gbà tò ju 1 tí òdo 23 tẹ̀lé lọ.

Ewu kan ṣì wà tí àdììtú kò lè dènà. Bí ètò tí ń ṣọ́ ohun tí a ń tẹ̀ bá wà lórí ẹ̀rọ oníbàárà, yóò gba páásíwọ́ọ̀dù mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, gbogbo àkójọ náà yóò sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó gbé e síbẹ̀. Nítorí èyí, n kì í gbé àkójọ ńlá náà lọ sórí ẹ̀rọ tí n kò mọ ìtàn rẹ̀. Mo máa ń ṣe àkójọ kékeré tí ó ní páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, èyí tí kò ní ju kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ ọjọ́ náà lọ, kí ó lè jẹ́ pé bí a bá tilẹ̀ jí i, ìwọ̀nba ni yóò bá a lọ. Bí mo bá ṣe ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí a ti béèrè rẹ̀, KeePass fúnra rẹ̀ máa ń nù ún kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 12.

Ó ku ẹ̀dà ìpamọ́, nítorí pé fíláàṣì lè kú láìsí ìkìlọ̀. Ọ̀kan wà lórí kọ̀ǹpútà mi, èkejì wà lórí fíláàṣì mìíràn tí kì í jáde nílé, mo sì máa ń sọ méjèèjì dọ̀tun ní ọjọ́ tí a bá ra kọ́kọ́rọ́ tuntun. Kí n tó gbà pé iṣẹ́ ti parí, mo gbé fíláàṣì kejì náà sórí kọ̀ǹpútà tí kò rí i rí, mo tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́fà náà, mo sì ka àwọn kọ́kọ́rọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan: gbogbo 41 pé, fáìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ṣí.