Ẹ má tètè dáhùn “Ta ló kọ́kọ́?”: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìbéèrè ìtàn àgbáyé

Ní ọ̀sán Sátidé, mo máa ń kó àwọn ọmọ àdúgbò wa jọ sí pálọ̀ mi kí wọ́n lè múra fún ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn ilé ìwé wọn. Bí mo bá ti ní, “Ta ló ṣàwárí Odò Ọya?”, mi ò ní tíì dákẹ́ tí gbogbo wọn á ti pariwo pé, “Mungo Park!” Ohun tó wà nínú ìwé wọn nìyẹn. Òun ni wọ́n kọ́ èmi náà, òun ni wọ́n kọ́ màmá mi. Àwọn àgbà ní abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá ti wọ́ láti ilẹ̀, ọmọ tó mọ ìdáhùn rẹ̀ lórí jù ló máa ṣìnà jù. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bá ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ tó ń múra ìdánwò sọ̀rọ̀.

Ẹ má sọ pé ẹnì kan “ṣàwárí” ibi tí èèyàn ń gbé

Mungo Park, ọmọ ilẹ̀ Scotland, dé etí odò náà ní oṣù Keje ọdún 1796, ní ìlú Ségou, lórílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Màlì lónìí. Ìlú ńlá ló bá níbẹ̀. Ọba wà lórí oyè, Mansong lorúkọ rẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ sọdá, Park fúnra rẹ̀ sì rí ọkọ̀ kan tó kó ẹṣin mẹ́rin pẹ̀lú èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọba ò gbà kó sọdá; ó ní kó lọ sùn sí abúlé kan tó wà nítòsí. Nígbà tó débẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á sílé. Abẹ́ igi ló jókòó sí títí ọjọ́ fi rọ̀, ebi ń pa á, òjò sì ti ń ṣú. Obìnrin kan tó ń ti oko bọ̀ ló rí i, àánú rẹ̀ ṣe é, ló bá gbé gàárì ẹṣin rẹ̀, ó ní kó máa tẹ̀ lé òun. Ó tẹ́ ẹní fún un, ó yan ẹja lórí ẹyín iná, ó gbé e fún un. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin ilé rẹ̀ jókòó ti òwú tí wọ́n ń ran, wọ́n ń fi àlejò wọn kọrin títí òru fi jìn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Park fi bọ́tìnnì idẹ méjì ta obìnrin náà lọ́rẹ. Mẹ́rin péré ló ṣẹ́ kù lára aṣọ rẹ̀ nígbà náà.

Ẹni tí wọ́n gbà sílé, tí wọ́n fún lẹ́ja jẹ, ṣé òun la máa sọ pé ó ṣàwárí odò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn? Àwọn ará ibẹ̀ ń pe odò náà ní Joliba. Àwa tó wà nísàlẹ̀ ń pè é ní Odò Ọya, àwọn ará Ọ̀yọ́ Ilé àti àwọn Núpé sì ti ń fi ọkọ̀ sọdá rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó bí Park.

Ohun tó ṣe wà o, kò sì kéré. Àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ń jiyàn nígbà náà bóyá ìlà oòrùn ni odò yìí ń ṣàn sí àbí ìwọ̀ oòrùn. Park fojú ara rẹ̀ rí i pé ìlà oòrùn ni, ó sì lọ jábọ̀ fún wọn. Ó padà wá ní 1805 kó lè tẹ̀ lé odò náà dópin, ó sì kú sínú rẹ̀ ní Bussa ní 1806. Ó di 1830 kí Richard Lander àti John àbúrò rẹ̀ tó wa ọkọ̀ láti Bussa dé òkun. Ẹ kọ́ ọmọ ní èyí, kó mọ iṣẹ́ tí kálukú ṣe.

Bákan náà lọ̀rọ̀ Columbus, tí wọ́n ní ó ṣàwárí Amẹ́ríkà, rí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 1492, erékùṣù kan ní Bahamas ló gúnlẹ̀ sí, àwọn Taíno tó ń gbé ibẹ̀ ló sì pàdé rẹ̀ létí òkun. Àwọn ará Norway àti Iceland ti dé Newfoundland, ní Kánádà òde òní, ní nǹkan bí 500 ọdún ṣáájú rẹ̀.

Ẹ má sọ “àkọ́kọ́” láìsọ àkọ́kọ́ níbo

Èyí máa ń dùn mí nítorí pé ìfẹ́ ló ń mú wa ṣe é. A máa ń sọ pé Samuel Àjàyí Crowther ni bíṣọ́ọ̀bù dúdú àkọ́kọ́ lágbàáyé. Rárá o. Ọmọ ọba Kongo kan wà tó ń jẹ́ Henrique, Afonso ni bàbá rẹ̀. Póòpù Leo Kẹwàá ti sọ ọ́ di bíṣọ́ọ̀bù ní 1518. Crowther ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà, ní Canterbury, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864. Bí ẹ bá yọ “Áńgílíkà” kúrò níbẹ̀, ẹ ti purọ́ mọ́ ọn, iyì rẹ̀ kò sì nílò irọ́. Bíbélì Yorùbá náà ńkọ́? Crowther ni aṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ náà, àmọ́ Thomas King àtàwọn mìíràn bá a ṣe é, odidi rẹ̀ sì jáde ní 1884. Ẹ má sọ fún ọmọ pé òun nìkan ló jókòó túmọ̀ ẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn.

Ẹ má fi ọdún kan ṣoṣo parí òwò ẹrú

“Ọdún wo ni wọ́n fòpin sí ẹrú?” Ìdáhùn tí wọ́n há sórí ni 1807. Bí ọmọ kan bá ti dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀, mo máa ń bi í pé: ọdún wo ni wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣoogùn? 1821 ni. Ọdún kẹrìnlá lẹ́yìn 1807. Ọmọ kékeré ni, wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀, wọ́n fi ẹṣin pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n tún tà á, wọ́n tún un tà títí ó fi dé Èkó. Inú ọkọ̀ àwọn Potogí ló wà ní oṣù Kẹrin ọdún 1822 kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown.

Òfin 1807 ní kí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì má ra ẹrú mọ́, kí wọ́n má tà á mọ́. Kò tú ẹnikẹ́ni tó ti wà nínú ìdè sílẹ̀. Òfin tó kan àwọn yẹn jáde ní 1833, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1834, àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló sì kàn. Ní Amẹ́ríkà, ìkéde ìdásílẹ̀ ẹrú tí Ààrẹ Lincoln ṣe ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1863 mú kìkì àwọn ìpínlẹ̀ tó ń bá ìjọba jagun. Oṣù Kejìlá ọdún 1865 ni òfin ilẹ̀ tó wá kan gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Kúbà di 1886. Bràsíl di ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1888.

Ọ̀rọ̀ ọdún yìí kan ìdílé wa gan-an. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lọ sí Bahia ní Bràsíl, tí wọ́n ń pè ní Nagô, àti àwọn tó dé Kúbà, tí wọ́n ń pè ní Lucumí, ẹ̀yìn 1807 ni wọ́n kó wọn, lásìkò tí ogun ń fọ́ Ọ̀yọ́ Ilé àtàwọn ìlú tó yí i ká. Bí a bá sọ fún ọmọ pé ó ti tán ní 1807, kò ní mọ bí wọ́n ṣe débẹ̀ rárá.

Àwọn mìíràn tí mo máa ń gbọ́

Ẹ má pa Martin Luther pọ̀ mọ́ Martin Luther King. Àlùfáà Jámánì ni ti àkọ́kọ́, 1517 ló dojú ìjà kọ ìjọ Póòpù. Pásítọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà ni èkejì, òun ló sọ̀rọ̀ ní Washington ní 1963.

Ẹ má sọ pé ìdìtẹ̀ Rọ́ṣíà ti “oṣù Kẹwàá” ò lè bọ́ sí oṣù Kọkànlá. Kàlẹ́ńdà wọn fi ọjọ́ 13 wà lẹ́yìn tiwa nígbà náà, ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1917 tiwọn ni ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá.

Ẹ má pe Napoleon, olú ọba Faransé ayé àtijọ́, ní aràrá. Ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íńṣì 2 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n íńṣì ilẹ̀ Faransé ìgbà yẹn gùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bíi sẹ̀ǹtímítà 168 ni.

Ọ̀rọ̀ gígùn kan nípa ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp pé Mandela ló sọ ọ́ lọ́jọ́ tó di ààrẹ ní 1994, kì í ṣe tirẹ̀. Marianne Williamson, obìnrin òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ló ni ín.

Ẹ má fi mọ́tò bo ìyá yẹn mọ́lẹ̀

Èyí ló ká mi lára jù. Bí mo bá béèrè pé, “Ta ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti?”, ìdáhùn kan ṣoṣo ló máa ń jáde: obìnrin àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò ní Nàìjíríà. Ó parí síbẹ̀.

Ní Abẹ́òkúta ayé ìgbà náà, ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 ń san owó orí. Àwọn obìnrin fẹ̀sùn kàn pé àwọn agbowó orí ń tú àwọn ọmọ náà sí ìhòòhò kí wọ́n lè mọ̀ bóyá wọ́n ti dàgbà tó. Fúnmiláyọ̀ kó àwọn obìnrin tó kàwé jọ pẹ̀lú àwọn ìyálọ́jà tí kò mọ̀wé, wọ́n di ẹgbẹ́ kan. Ní òpin ọdún 1947, wọ́n lọ jókòó níwájú ààfin Aláké, ilẹ̀ ṣú bá wọn níbẹ̀, ilẹ̀ sì mọ́ bá wọn níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, mo yí ìbéèrè náà padà. Mo ní, “Kí ló gbé àwọn obìnrin Abẹ́òkúta lọ sùn síwájú ààfin?” Pálọ̀ dákẹ́. Ọmọdébìnrin kan, ọmọ ọdún 11, ní kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé owó orí fún òun. A lò ju ìdajì wákàtí lọ lórí rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé Aláké padà sórí ìtẹ́ ní ìparí ọdún 1950, ó dìde dúró: “Àǹtí, ta ló ní kó máa bọ̀?”