Kanboard ní òun ò ráyè kọ nǹkan sínú fódà data

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Àwa mẹ́rin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ máa rí iṣẹ́ ara wa lójú kan, ni mo bá gba Kanboard, ètò tó ń to iṣẹ́ sójú pátákó, wálẹ̀, mo sì tú u sí /var/www/html/kanboard lórí sáfà Ubuntu tó ní Apache, ètò tó ń gbé ojú ewé jáde fún ẹni tó bá ṣí i. Bí mo ṣe ṣí i, ó ní òun ò lè kọ nǹkan sínú fódà data. Ẹnì kan ní kí n lo `chmod -R 777`, tó ń fún gbogbo ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ láyè láti kà á àti láti kọ nǹkan sí i. Ó ṣí lóòótọ́, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀.

Ìdáhùn: Má jẹ́ kó balẹ̀, àbúrò. Kọ́kọ́rọ́ ló sọnù, o wá yọ ilẹ̀kùn dànù. Ìwọ kọ́ lò ń kọ nǹkan sí fódà yẹn, Apache ni, www-data sì lorúkọ tó ń jẹ́ lórí Ubuntu. Sudo lo fi tú fáìlì, àbí? Root, ọ̀gá àgbà orí ẹ̀rọ, ló ni ín nìyẹn. Gbé e fún ẹni tó ń lò ó:

`sudo chown -R www-data:www-data /var/www/html/kanboard/data`
`sudo chmod -R u=rwX,g=rX,o= /var/www/html/kanboard/data`

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù gan-an ṣì kù. SQLite ni Kanboard fi ń tọ́jú dátà bí o ò bá yan òmíràn, gbogbo iṣẹ́ yín sì wà nínú fáìlì kan ṣoṣo, data/db.sqlite. Wọ́n fi .htaccess, fáìlì òfin tí Apache ń kà nínú fódà, ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n `AllowOverride None` ni Ubuntu kọ fún /var/www, Apache ò sì ní wo .htaccess náà rárá. Mú fóònù rẹ, tẹ àdírẹ́sì sáfà náà, fi /kanboard/data/db.sqlite parí rẹ̀. Tí fáìlì bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ẹnikẹ́ni tó bá dé ibẹ̀ lè kó o lọ. Yí None sí All nínú /etc/apache2/apache2.conf, ní abẹ́ /var/www, kí o sì ṣe `sudo systemctl restart apache2`. Tún un tẹ̀: 403, ìyẹn ni pé kò sí àyè láti wọlé, là ń wá. (Nginx, tí àwọn kan ń lò dípò Apache, kì í ka .htaccess rárá, ẹni tó bá ń lò ó ní láti dí ọ̀nà yẹn fúnra rẹ̀.)

Ìbéèrè: 403 ti jáde, ẹ ṣeun. Lónìí mo yí orúkọ fódà náà sí kanboard-old, mo tú ẹ̀dà tuntun sáàyè rẹ̀. Iṣẹ́ wa pòórá! Ọ̀rọ̀ aṣínà mi ò wọlé mọ́, admin/admin ló ń gbà.

Ìdáhùn: Kò pòórá. Kanboard ò rí db.sqlite, ló bá dá òfìfo kan sílẹ̀, admin/admin sì ni gbogbo òfìfo fi ń bẹ̀rẹ̀. Dá Apache dúró, kó data, plugins àti config.php, bí o bá ní in, láti kanboard-old wá, kí o tún chown yẹn ṣe. Kí o tó tan Apache padà, fi db.sqlite kan pamọ́ sórí ẹ̀rọ mìíràn, torí ẹ̀dà tuntun máa tún inú rẹ̀ tò gbàrà tó bá ṣí, ti àtijọ́ sì lè má lè kà á mọ́.