Kí Ẹ Tó Kó Ọmọ Sínú Mọ́tò Lọ sí Ìjẹ̀bú

Ẹ má ṣe gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ nínú mọ́tò. Bí mọ́tò bá ń sá ní 80 kìlómítà láàárín wákàtí kan lọ́nà Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó sì kọlu nǹkan, kò sí apá ìyá tó lè di ọmọ mú. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo fún ìyá àti ọmọ tún burú jù, nítorí ara àgbàlagbà ni yóò tẹ ọmọ mọ́ bẹ́líìtì.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, ẹ̀yìn mọ́tò ni kí ó kọjú sí nínú ìjókòó ọmọdé. Orí rẹ̀ wúwo, ọrùn rẹ̀ kò sì tíì gbó. Ẹ má gbé irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ síwájú níbi tí airbag wà, ìyẹn báàgì afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde bí mọ́tò bá kọlu nǹkan, torí bó bá bú jáde, ó lè pa ọmọ. Ẹ fi eékún tẹ ìjókòó náà mọ́lẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń fa bẹ́líìtì. Bẹ́ ẹ bá so ó tán, ẹ di ibi tí bẹ́líìtì gbà kọjá mú, kí ẹ mì í. Bó bá sún ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ, kò tíì le. Ó wá ku okùn èjìká ọmọ fúnra rẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là fún un pọ̀ bí ẹni fẹ́ já èèyàn léèékánná. Bí ìka bá rí okùn ká mú, ó ṣì dẹ̀. Bí ìka bá ń yọ̀ lórí rẹ̀, ó ti tó. Agbádá tẹ́ ẹ rán fún ọmọ nítorí Ojúde Ọba kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ okùn yìí, nítorí aṣọ nípọn máa ń jẹ́ kó dà bíi pé okùn le nígbà tí kò le. Ẹ ká a sínú báàgì, ẹ ó wọ̀ ọ́ fún un bẹ́ ẹ bá dé.

Ọmọ tí ìjókòó ọmọdé kò gbà mọ́ nílò ìjókòó tó ń gbé e ga títí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 145, kí bẹ́líìtì lè gba èjìká àti egungun ìbàdí, kì í ṣe ọrùn àti ikùn. Ẹ̀yìn ni kí gbogbo ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 máa jókòó.

Èébì ló ń ba ìrìnàjò jẹ́ jù. Inú etí ń sọ pé ara ń lọ. Ojú tó tẹjú mọ́ fóònù ń sọ pé ara dúró. Ọpọlọ kò mọ èyí tí yóò gbà gbọ́. Fóònù tẹ́ ẹ fún un kó lè dákẹ́ gan-an ló ń mú kó fẹ́ bì. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi ọmọ sí ibi tó ti lè rí ojú ọ̀nà níwájú. Ìkókorẹ́ dùn, ṣùgbọ́n epo rẹ̀ pọ̀: ẹ fi sílẹ̀ dìgbà tẹ́ ẹ bá dé. Ebi náà kò dára. Búrẹ́dì gbígbẹ díẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú tó, kí ó sì máa mu omi ní díẹ̀díẹ̀.

Ẹ máa wo ojú ọmọ. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ á ṣàdédé dákẹ́, á máa yán, itọ́ á kún ẹnu rẹ̀, òógùn tútù á yọ lókè ètè. Ẹ ṣí fèrèsé kíá, ẹ ní kó wo ọ̀ọ́kán, kí ẹ sì yà sí ilé epo, kì í ṣe etí títì márosẹ̀. Ọ̀rá onílọ̀ọ́po méjì, aṣọ ìnura tútù àti aṣọ ìpààrọ̀ ní láti wà nítòsí ọwọ́. Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe nínú búùtù.

Ẹ̀pà àti gúgúrú tí wọ́n ń tà lójú títì kì í ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 nínú mọ́tò tó ń lọ: ó lè há a lọ́fun kí ẹnì kankan tó mọ̀.

Ẹ máa dúró ní wákàtí méjì méjì, kí ọmọ lè nara. Ní àsìkò Iléyá, ẹ ka wákàtí, ẹ má ka kìlómítà, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè dá yín dúró ní oríta Ṣàgámù. Kódà níbẹ̀, bí ọmọ bá ń ké, ẹ má tú u sílẹ̀: tírélà lè ti ẹ̀yìn gbá yín.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra gààrí, ẹ mú ọmọ sọ̀kalẹ̀. Láàárín 20 ìṣẹ́jú, ooru inú mọ́tò tó wà nínú oòrùn lè fi ohun tó ju 10°C lọ lé sí i, bí fèrèsé tilẹ̀ ṣí díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá padà, ẹ fọwọ́ kan irin bẹ́líìtì kí ẹ tó gbé ọmọ jókòó. Ó máa ń gbóná tó láti jó itan rẹ̀.